Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ inú oko kòkó lẹ́yìn Ìdí-Ayùnrẹ́: kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Àjọkẹ́ Ará-Oko

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, torí ọbẹ̀ tó gbóná, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lá a.

Èmi àti ọkọ mi rí ilé kan ní abà kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Olúyọ̀lé, téèyàn bá ti kọjá Ìdí-Ayùnrẹ́ tó sì yà kúrò lójú ọ̀nà ọ̀dà. Máìlì mẹ́rin ni ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ tó dé ibẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ 1953 sí iwájú orí rẹ̀, òdòdó kan wà lọ́tùn-ún, òdòdó kan wà lósì. Àwọn fèrèsé onígi ṣì wà, àtẹ̀gùn inú ilé ṣì dúró, àmọ́ páànù ti dípẹtà débi pé èèyàn ń rí ojú ọ̀run láti yàrá òkè. Ilẹ̀ tó yí i ká tó éékà 11. Kòkó ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀pẹ wà, igi obì bíi mẹ́fà náà wà. Ó ti tó ọdún 12 tí ẹnikẹ́ni ti sùn nínú ilé náà gbẹ̀yìn.

Bàbá mi àgbà ní irú ilé yìí. Ibẹ̀ la ti máa ń lo ìsinmi ilé ìwé, mo ṣì mọ bí kòkó tí wọ́n sá sí iwájú ilé ṣe ń rùn. Ẹbí wó tiwa, wọ́n ta ilẹ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi wá. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi fà sí èyí. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń tà á ní ká wá san ìdajì owó lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Kí ni kí n wò? Ta ni kí n bi léèrè?

Bàbá Kúdẹtì

Ọmọ mi, má san kọ́bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé ẹnì kan. Nígbà tí owó kòkó gòkè lẹ́yìn ogun Hitler, pàápàá ní nǹkan bí 1950 sí 1955, àwọn bàbá wa ń kọ́lé sóko bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ sígboro. Ọmọ Ìbàdàn tó bá rí já jẹ ní ilé méjì. Èyí tó wà ní ìgboro ni wọ́n ti ń ṣe ìnáwó, èyí tó wà lábà ni oúnjẹ àti owó ti ń wá. Bí bàbá tó kọ́ ọ bá ti kú láìkọ ìwé ìhágún, ó di ti gbogbo ọmọ. Lẹ́yìn náà ó di ti gbogbo ọmọ-ọmọ.

Béèrè orúkọ bàbá tó kọ́ ọ. Béèrè iye ìyàwó tí bàbá náà fẹ́, torí ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín in. Ta ni mọ́gàjí wọn, olórí ẹbí wọn, ní ìgboro? Ta ni Baálẹ̀ abà náà? Kí o tó pe lọ́yà, mú obì lọ́wọ́, lọ kí Baálẹ̀. Má dárúkọ owó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí Baálẹ̀ bá dákẹ́ lé lórí, fi etí sí i ju ohun tó bá sọ lọ.

Kí àwọn tó ní oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ náà tẹ̀ lé ọ nígbà tí ẹ bá ń rìn yí ààlà ká. Pèrègún ni wọ́n fi ń sàmì ààlà láyé ìgbà náà. Igi kòkó lè kú, ilé lè wó, pèrègún kì í tètè kú.

Àjọkẹ́ Ará-Oko

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni àwọn tó ń tà á, ọmọ-ọmọ ìyàwó kejì ni wọ́n. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá náà fẹ́. Wọ́n ní àwọn tó kù ò fẹ́ràn oko, pé wọn ò ní bínú.

Amòfin Agodi

Àǹtí Àjọkẹ́, gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn yẹn ni gbogbo ẹjọ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún 15 sẹ́yìn.

Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ kí àwọn àgbà ìdí-igi yòókù mọ̀, ìtà náà dúró, àmọ́ ẹbí lè lọ sí kóòtù kí wọ́n tú u ká. Bí àwọn àgbà ìdí-igi bá tà á láìsí olórí ẹbí ńbẹ̀, òfo ni látìbẹ̀rẹ̀. Kóòtù tó ga jù lórílẹ̀-èdè yìí ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959, ibẹ̀ náà la ṣì dúró lé títí dòní. Ti ọmọ ẹbí tó tà á bí ẹni pé tòun nìkan ni burú jù. Kò ní nǹkan kan tó lè tà fún yín. Ẹsẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn ọkùnrin méjì yìí wà.

Ẹ jẹ́ kí mọ́gàjí fọwọ́ sí ìwé, kí àgbà kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí ẹ ya fọ́tò ọjọ́ náà, kí owó sì gba báńkì kọjá ní orúkọ ẹbí. Bí mọ́gàjí tuntun kò bá tíì jẹ, ẹ dúró kó jẹ.

Ẹ̀yìn ìyẹn lọ̀rọ̀ ìjọba kàn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 29 oṣù kẹta 1978 sọ ní abala 21 pé ilẹ̀ tí èèyàn dì mú lábẹ́ àṣà kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ti gba C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, lórí rẹ̀, gómìnà ni abala 22 ní kó fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo èyí torí pé oko ni. Ẹ má fò ó.

Kí sọ́fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kó sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Sọ́fíyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ bóyá ìjọba ti gba apá kan níbẹ̀. Ọ̀nà àyíká Ìbàdàn tí wọ́n ṣètò, tó jẹ́ kìlómítà 110, inú oko irú èyí ló ń gbà. Ẹ má gba ìdáhùn lẹ́nu ẹni tó ń ta ilẹ̀.

Ọmọ Àgbẹ̀ Ìdànrè

Ẹ kúuṣẹ́ o, Amòfin. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tí àwọn lọ́yà kì í sábà béèrè: dógò, ìyẹn oko tí wọ́n fi dúró fún owó tí wọ́n yá.

Mo ra éékà márùn-ún oko kòkó lọ́wọ́ ìdílé kan. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i, mọ́gàjí wà ńbẹ̀, a jẹ, a mu. Ọdún kejì, bàbá kan wá láti Oǹdó pẹ̀lú ìwé pélébé tí wọ́n ká sínú ọ̀rá. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ ọ́. Bàbá tirẹ̀ ló ni oko, ó sì fi dógò fún bàbá àwọn tó tà á fún mi, torí pọ́n-ùn 60 tó yá. Ẹ rántí pé pọ́n-ùn la ṣì ń ná kí náírà tó dé ní 1973. Àwọn tó ń ta oko náà kò purọ́ fún mi, wọn ò mọ̀ ni. Inú oko yẹn ni wọ́n bí wọn sí, ó sì ti jọ tiwọn lójú ara wọn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àṣà wa, dógò kì í di ti ẹni tó gbà á láéláé. Ìgbà tó bá wu ẹni tó fi dógò, tó bá ti dá owó padà, oko rẹ̀ ni. Mo tún owó san fún bàbá yẹn kí n tó lè sùn.

Torí náà, Àǹtí mi, ẹ bi àwọn àgbà abà léèrè gbangba: ǹjẹ́ wọ́n gba oko yìí ní dógò rí, àbí wọ́n fi dógò fún ẹnikẹ́ni?

Ohun kejì. Ẹ ní ilé ti ṣófo fún ọdún 12. Ṣé igbó ti kún inú kòkó náà? Kòkó tí wọn ò ro fún ọdún mẹ́ta péré, ẹ ò ní lè rìn wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé abẹ́ rẹ̀ mọ́, ewé gbígbẹ nìkan ló tẹ́ sílẹ̀, ẹnì kan ń ro ó. Ẹni yẹn lẹ gbọ́dọ̀ wá rí kí ẹ tó rí ẹnikẹ́ni mìíràn. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹbí tí wọn ò sọ fún, ó sì lè jẹ́ àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Bí àlejò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin igi, wàhálà ni kéèyàn lé e kúrò nídìí ohun tó gbìn.

Nípa kòkó fúnra rẹ̀, bó bá jẹ́ àwọn igi ayé ìgbà tí wọ́n kọ́ ilé ni, wọ́n ti rẹ̀. Ẹ má hú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gé apá kan sílẹ̀ níbi tó ga tó orúnkún nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka tuntun á yọ láti ìdí, ẹ mú èyí tó lágbára jù, kí ẹ gé ìyókù. Níbi tí igi ti tán pátápátá, ẹ gbin tuntun ní ẹsẹ̀ 10 sí ẹsẹ̀ 10. Éékà kan á gba bíi igi 435. CRIN tó ń ṣèwádìí kòkó láti 1964 wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ yẹn gan-an, ẹ lọ bá wọn fún irúgbìn.

Bíríkìlà Ọmọ Bíríkìlà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé o, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ba nǹkan jẹ́.

Bíríkìlà tó bá dé ibẹ̀ tó kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ lọ ra sìmẹ́ǹtì, ẹ kí i, kẹ́ ẹ ní kó máa lọ. Ògiri amọ̀ ń mí. Ó ń fa omi díẹ̀ láti ilẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ ẹ́. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi ò ríbi gbà jáde mọ́. Amọ̀ ń wú, ó ń sún kì, sìmẹ́ǹtì ò lè bá a ṣe bẹ́ẹ̀, ló bá sán. Òjò wá gba ojú sísán wọlé, ó dúró sẹ́yìn sìmẹ́ǹtì. Lójú, ilé ń dán. Nínú, ó ti ń di ẹrẹ̀.

Mo ṣí irú rẹ̀ lára ilé kan lọ́nà Ìjẹ̀bú. Àárín ọ̀gbẹlẹ̀ ni, òjò ò tíì rọ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Mo fi òòlù kan sìmẹ́ǹtì níbi ẹsẹ̀ ògiri, ó dún bí agbè òfìfo. Mo fi ọ̀pá irin yọ ọ́, odindi pátákó kan ṣí wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka mi mẹ́rin wọ inú amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni fọwọ́ gún àmàlà. Ilé yẹn tún ru yàrá mẹ́rin sókè o.

Báyìí la ṣe tún un ṣe. A ṣí gbogbo sìmẹ́ǹtì ara rẹ̀, a fi í sílẹ̀ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A wá kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ ilé náà láyé ọjọ́sí, ó sábà máa ń wà lẹ́yìn ilé níbẹ̀. A wa amọ̀ níbẹ̀ kan náà, a gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, a fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a bù omi sí i, a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, a tún tẹ̀ ẹ́. Ibi tó ti jẹ, a kọ́kọ́ wọ́n omi sí i kí tuntun lè dì mọ́ ti àtijọ́, a wá ń dì í ní ìpele-ìpele, a ò jẹ́ kí ọ̀kan gun orí èkejì kó tó gbẹ. Ìyá àgbà kan lábà náà ló kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìgbẹ́ màlúù ra ilẹ̀ yàrá. Ó gbẹ, kò rùn, kò sì bu eruku mọ́.

Òrùlé ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Bí owó yín bá tó fún nǹkan kan péré lọ́dún yìí, páànù ni. Ẹ jẹ́ kí ìgbátí rẹ̀ yọ síta tó ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí òjò má máa na ògiri. Ẹ ra alúmíníọ̀mù tó nípọn tó mílímítà 0.55, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 0.45 tàn yín torí pé ó dínwó, atẹ́gùn oko le ju ti ìgboro lọ. Lẹ́yìn náà, gọ́tà tó máa gbé omi lọ kúrò lẹ́sẹ̀ ilé.

Fún igi, ẹ mú ọ̀bẹ tó mú dání. Ìrókò àti apá tí wọ́n fi kọ́ ilé nígbà yẹn, ikán kì í fẹ́ràn wọn, àmọ́ ibi tí ìtí igi ti wọ inú ògiri ló ti ń jẹrà, ojú ò sì rí i. Ẹ fi ọ̀bẹ gún gbogbo orí ìtí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ òkè. Èyí tó bá gba ọ̀bẹ wọlé, ẹ sàmì sí i, kí ẹ má sì jẹ́ kí èèyàn rìn lórí ibẹ̀.

Sọjí Kọ́lékọ́lé

Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ owó tẹ́ ẹ máa ná sórí amọ̀ yìí lè kọ́ búngálò oníbúlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Mo ti kọ́ mẹ́jọ sóko. Ó ń yára, kò ní ikán, ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lọ́la á tètè rà á. Ẹ ya fọ́tò ti àtijọ́, kí ẹ wó o.

Yéwándé Àgùdà

Ẹ̀gbọ́n Sọjí, mo mọ̀ pé òótọ́ inú yín lẹ sọ, ìṣirò yín náà sì lè jẹ́ òótọ́. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí. Ìjọba kéde Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan níbẹ̀, ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní 11 oṣù kẹsàn-án 2016, ó di àlàpà. Ilé tó ní orúkọ nínú ìwé ìjọba nìyẹn o. Ta ló máa kéde pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó wà nínú oko kòkó? Ẹni tó bá rà á nìkan ló lè dá a sí. Mo tún ti wọ Jaekel House ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí àwọn ẹgbẹ́ Legacy tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ tún ṣe. Mo fọwọ́ kan igi àtẹ̀gùn rẹ̀, mo sunkún. Ó ṣeé ṣe.

Àti pé ògiri ilé yẹn á nípọn tó ẹsẹ̀ kan ààbọ̀. Lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ̀nà, ẹ wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì wọ inú búngálò oníbúlọ́ọ̀kù tí wọn ò tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ara yín á sọ fún yín.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ sàréè.

Ilé tí a rà ní 2014, ọjọ́ tí a ń gbá yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo rí i pé sìmẹ́ǹtì apá kan ilẹ̀ ga ju ìyókù lọ. Ẹni tó kọ́ ilé ló wà níbẹ̀, àti ìyálé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa, torí lójú tiwọn kò sẹ́ni tí ò mọ̀. Inú ilé ni wọ́n ń sin àwọn àgbà sí nígbà yẹn. A pe ẹbí padà, a jókòó. Wọn ò fẹ́ kí a wú wọn. A kọ ọ́ sínú ìwé pé yàrá yẹn kò ní di ilé ìgbẹ́ tàbí ilé ìdáná láéláé, pé wọ́n lè wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí wọ́n bá ti sọ fún wa ṣáájú. Wọ́n ń wá. Wọ́n ń bá wa gbá àyíká kí wọ́n tó lọ.

Àǹtí, ẹ béèrè ní gbangba níwájú gbogbo ẹbí: ta ló sùn sínú ilé yìí? Bí ojúbọ bá wà lórí ilẹ̀ náà, ẹ béèrè ìyẹn náà, ohun yòówù kí ẹ̀sìn yín jẹ́.

Dẹ̀bọ̀ Peckham

Kúkúrú ni tèmi. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, tí mo fi owó ilé oko ránṣẹ́ sí ìbátan mi kan, fọ́tò ni mo fi rà á. Fọ́tò tí wọ́n yà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í fi ẹrẹ̀ hàn. Ẹ lọ ní oṣù Òkúdù kí ẹ wo ọ̀nà. Ẹ lọ ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ kí ẹ fi okùn wọn omi kànga. Ẹ sùn lábà náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ bá àwọn ọdẹ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa bí òru ibẹ̀ ṣe rí, wọn ò ní tàn yín. Kí ẹ sì ka iye wákàtí tó dé ilé ìwòsàn.

Àjọkẹ́ Ará-Oko

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. A ò sanwó lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn bínú, ó ní ẹlòmíràn ti ń dúró de ilé náà. Ọkọ mi ní kó tà á fún un.

Mo mú obì lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Abẹ́ kòkó náà mọ́ tónítóní, Ọmọ Àgbẹ̀ Ìdànrè, bí ẹ ṣe sọ gan-an. Mo bi Baálẹ̀ pé ta ló ń ro ó. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló rán ọmọ kan níṣẹ́, màmá kan bá jáde wá láti ilé kejì, ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ bàbá tó kọ́ ilé. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọdún 70. Àwọn ló ń ro oko náà láti ọjọ́ yìí. Wọn ò gbọ́ rí pé ilé wà fún títà. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ara mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n fa okùn kan jáde láti ọrùn wọn. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú ló wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọkùnrin yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n ti mú wa wọlé.

Màmá náà rìn yí ààlà ká pẹ̀lú wa, pèrègún dé pèrègún. Mo béèrè nípa dógò, wọ́n ní kò sí. Mo béèrè nípa sàréè, wọ́n nawọ́ sí yàrá ọ̀tún. Wọ́n ní àwọn ò kọ̀ kí ẹnì kan tún ilé bàbá àwọn ṣe, àmọ́ àwọn á máa ká kòkó apá odò títí àwọn á fi kú. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ìpàdé ẹbí jẹ́ Sátidé tó ń bọ̀ ní ìgboro, mọ́gàjí á wà ńbẹ̀, Amòfin Agodi sì ti gbà láti bá wa dé ibẹ̀. Ọlọ́run á san án fún yín.

Bíríkìlà, ẹ jọ̀ọ́, ògiri apá ìlà-oòrùn sán láti abẹ́ fèrèsé òkè wá sílẹ̀. Ìka mi kékeré wọ ojú rẹ̀. Ṣé ilé ti lọ nìyẹn?

Bíríkìlà Ọmọ Bíríkìlà

A ò tíì mọ̀. Ẹ wá gíláàsì pẹlẹbẹ mẹ́ta, kó gùn tó ọwọ́ kan. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ lẹ orí méjèèjì rẹ̀ mọ́ ògiri, kó dábùú ojú sísán náà: ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí màmá tó ní kọ́kọ́rọ́ bá yín máa wò ó títí òjò ọdún yìí á fi dá. Bí gíláàsì bá wà bẹ́ẹ̀, ibi tí ògiri náà ti sán ti pẹ́, a ó dí i. Bó bá fọ́, ẹ pè mí kí ẹ tó gun òkè.